Ẹnu-Ọ̀nà Tó Há Kò Sọ Ohun Tó Wà Nínú Ilé

Lọ́dọọdún, bí èsì JAMB bá ti jáde báyìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá bá mi, yálà lórí fóònù tàbí nígbà tí mo bá yà sí ọjà Kútọ̀: “Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú àwọn yunifásítì tó wà ní ìpínlẹ̀ wa yìí, èwo ló dára jù?” Kí n tó la ẹnu, ẹni tó béèrè á ti máa dá ara rẹ̀ lóhùn. Á ní, “Wọ́n ní ó ṣòro wọ̀ o, ìyẹn ni pé ó dára nìyẹn.” Tó bá wá kan òmíràn, á yínmú, á ní, “Ibẹ̀ yẹn? Ṣebí ẹnikẹ́ni ló ń wọ ibẹ̀.” Gbólóhùn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé orí wọn ni ọ̀pọ̀ òbí ń gbé owó ilẹ̀ tí wọ́n tà lé, orí wọn náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbé ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin ayé wọn lé, tí wọ́n jókòó sílé tí wọ́n ń dúró de ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo.

Èrò mi kò díjú. Bí ẹnu-ọ̀nà yunifásítì kan bá há, ohun tó ń sọ fún wa ni iye èèyàn tó dúró síta, iye àyè tó wà nínú, àti irú ẹrù tí wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ wọlé rù wá. Kò sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ nínú ilé. Ẹni tó bá fi èkíní díwọ̀n èkejì dà bí ẹni tó fi ajọ̀ díwọ̀n adùn láfún. Àwa ọmọ Ẹ̀gbá mọ láfún. Ajọ̀ tí ojú rẹ̀ kéré á mú kí láfún kúnná lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gẹ́ tí a fi ṣe é kò bá dára, tàbí bí ẹni tó ń ro ó kò bá mọ̀ ọ́n ro, kíkúnná nìkan kò lè mú un dùn lẹ́nu.

Orúkọ méjì

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ mi, ìyẹn èdè. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà, ‘orúkọ’, la fi ń pe ohun tí wọ́n sọ ọmọ lọ́jọ́ kẹjọ, òun náà la sì fi ń pe ohun tí aráyé ń sọ nípa àgbàlagbà. Bí a bá ní ẹnì kan ‘lórúkọ’, kì í ṣe pé wọ́n kó òbí àti àna jọ sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tí à ń sọ ni pé wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń bu iyì fún un. Èkíní, òbí ló ń fúnni lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èkejì, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló ń fúnni, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Nínú ọ̀rọ̀ yunifásítì, a máa ń da méjèèjì pọ̀.

Ẹ wo ìtàn tiwa níbí. Ní ọdún 1983, ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1984, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ Yunifásítì Èkó, ó di kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1988, wọ́n tún yà á sọ́tọ̀, ó di yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Nurudeen Adedipe sì ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. UNAAB là ń pè é nígbà náà, FUNAAB là ń pè é báyìí. Ogun State University tí ìjọba Olóyè Bísí Ọnàbánjọ dá sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ní 1982 di Olabisi Onabanjo University ní 2001. Moshood Abiola Polytechnic tó wà ní Òjèèré níbí, ìjọba ìpínlẹ̀ kan kéde pé ó ti di yunifásítì, ìjọba tó tẹ̀lé e sì ní kó padà sí pólì rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí wọ́n fi Tai Solarin sọ lórúkọ, ní Ìjagun lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, di yunifásítì ìpínlẹ̀ ní 2005. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ gbà á mọ́ tirẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ dúró wò dáadáa. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá kúrò lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, owó tí ọmọ ń san lè yí padà, òfin tí wọ́n fi ń pín àyè á yí padà, iye ọmọ tó ń kan ilẹ̀kùn náà á sì yí padà. Ó ṣeé ṣe kí ẹnu-ọ̀nà Ìjagun há lọ́la ju bó ṣe wà lánàá. Àmọ́, ṣé àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ yí padà lóru ọjọ́ tí wọ́n kéde náà? Ṣé ìwé inú láíbìrì di ìlọ́po méjì? Bí ẹnu-ọ̀nà bá lè há sí i láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, a jẹ́ pé ẹnu-ọ̀nà kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé lórí ọ̀rọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ tún jẹ́ kí n mú ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kò sẹ́ni tó ń jiyàn orúkọ rẹ̀ ní ìlú wa. Olóyè Ọbásanjọ́ tó dá Bells University sílẹ̀ ní Ọ̀tà, Adájọ́ Bọ́lá Àjíbọ́lá tó dá Crescent University sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àti Olóyè M.K.O. Abíọ́lá tí pólì Òjèèré ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ girama kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà kọjá: Baptist Boys' High School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1923. Awólọ́wọ̀ náà kàwé níbẹ̀. Ta ló tíì béèrè rí pé ọmọ mélòó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà lé padà lẹ́nu ọ̀nà lọ́dún tí wọ́n gbà wọ́n wọlé? Àwọn tó jáde ni wọ́n fún un lórúkọ.

Ta ló ń pinnu bí ẹnu-ọ̀nà ṣe há?

Láti 1978 ni JAMB ti wà. 400 ni gbogbo máàkì ìdánwò wọn. Ní 2024, àwọn tó ń ṣètò náà fẹnu kò sí 140 gẹ́gẹ́ bíi máàkì tó kéré jù tí yunifásítì lè gbà. Ní 2025, wọ́n gbé e sí 150. Ilẹ̀ ilé lásán nìyẹn. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè gbé tirẹ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan nínú yunifásítì kan náà sì lè ní tirẹ̀. Láti 2005 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ń ṣe àyẹ̀wò mìíràn fúnra wọn lẹ́yìn JAMB, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní post-UTME.

Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, òfin ìpín tún wà. Nínú àyè 100, 45 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù láìka ibi tí wọ́n ti wá sí. 35 jẹ́ ti àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì náà ká. 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí èyí tí ètò ẹ̀kọ́ wọn ṣì wà lẹ́yìn. Ẹ mú ọmọ Ìbarà kan àti ọmọ Àsàbà kan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n jọ gba 230, wọ́n sì jọ fẹ́ kọ́ọ̀sì kan náà ní FUNAAB. Ọmọ Ìbarà lè wọlé nínú ìpín 45, tí ìyẹn bá sì já, ìpín 35 ń dúró dè é. Ọmọ Àsàbà, ìpín 45 nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá wá kéde pé “cut-off” kọ́ọ̀sì náà jẹ́ báyìí-báyìí, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n fi bo ẹnu-ọ̀nà mẹ́ta mọ́lẹ̀.

Iye àyè ńkọ́? Àjọ NUC ní Àbújá ló ń sọ iye ọmọ tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lè gbà. Fún ìmọ̀ ìṣègùn, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ dókítà náà ń fi iye tirẹ̀ lélẹ̀. Fún ìmọ̀ òfin, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ òfin ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní kò rọrùn láti wọ ẹ̀ka ìṣègùn OOU ní Ṣágámù, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n apá kan nínú ìṣòro náà, Àbújá ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n wá.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní kọ́ọ̀sì kan ní àyè 50, tí ọmọ 1,000 sì ń wá a; ẹnì kan nínú 20 ló máa wọlé. Ká ní òmíràn ní àyè 200, tí ọmọ 300 ń wá a. Ẹni méjì nínú mẹ́ta ló máa wọlé. Ẹ sọ fún mi, kí ni ìṣirò yìí ti sọ nípa olùkọ́? Ó tún kù. Ká ní lọ́dún tó ń bọ̀, kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ yẹn kọ́ yàrá ìwádìí tuntun, ó gba olùkọ́ mẹ́fà sí i, NUC sì gbà fún un pé kó máa gba 100. Ẹnì kan nínú 10 ló máa wọlé báyìí. Aráàlú á ní, “Ẹ ò rí i pé ibẹ̀ yẹn ti ń bàjẹ́, ó ti rọrùn wọ̀.” Bẹ́ẹ̀, ọdún yẹn gan-an ló dára jù.

Ajọ̀ owó, ajọ̀ àkókò

Wọ́n máa ń sọ pé ìpínlẹ̀ Ògùn ló ní yunifásítì jù lọ ní Nàìjíríà, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ti aládàáni. Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ wà lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ìjọba fún níwèé àṣẹ ní 1999. Covenant ní Ọ̀tà tẹ̀lé e ní 2002. Bells, Crescent àti Crawford gba tiwọn ní 2005. Chrisland dé Abẹ́òkúta ní 2015.

Bí a bá ní ẹnu-ọ̀nà àwọn wọ̀nyí ‘rọrùn’, ẹ béèrè lọ́wọ́ mi: ó rọrùn fún ta ni? Ní Covenant, owó ọdún kan ti ju mílíọ̀nù kan náírà lọ dáadáa. Ọmọ ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú tó gba 290 nínú JAMB lè má lè dé ẹnu géètì rárá, kí wọ́n tó sọ pé ó rọrùn tàbí ó ṣòro. Ajọ̀ wà níbẹ̀ o. Ojú ajọ̀ náà la ò wò. Ti ìjọba ń fi máàkì jọ̀, ti aládàáni ń fi owó jọ̀. Èyí kì í ṣe èébú, nítorí pé aládàáni kì í rí nínú owó TETFund tí ìjọba fi ń kọ́lé fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò bá gbowó lọ́wọ́ ìjọba, ọwọ́ òbí ló máa gbà á.

Ní ìdà kejì, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́ gan-an lọ́wọ́ ọmọ tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tí wọ́n ń pè ní oríṣiríṣi orúkọ ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, nínú èrò tó kún ẹnu-ọ̀nà Àlàbàtà, àwọn kan wá nítorí ẹ̀kọ́ ibẹ̀, àwọn kan sì wá nítorí pé agbára wọn kò ká ibòmíràn. Ìṣirò kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Àkókò náà ńkọ́? Ní 2020, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ní 2022, wọ́n tún gùn lé e láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn ìyẹn, mo rí òbí tí kò lówó rárá tó ń wá ọ̀nà aládàáni. Wọn ò sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ jinlẹ̀ jù. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Prof, ọmọ yìí á jáde lọ́dún tí wọ́n dá fún un.” Ìdí tó yè kooro nìyẹn, n kò sì lè bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí a mọ ohun tí a rà: àkókò ni a rà. Ẹni tó ra àkókò kó má sọ pé ìmọ̀ lòun rà, títí tó fi máa yẹ ìmọ̀ náà wò.

Àlàbàtà: ibi tí ọmọ ń sá fún

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni mo dé yìí. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ni FUNAAB. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Ẹ wá bi àwọn ọmọ tó ń yan FUNAAB nínú fọ́ọ̀mù JAMB pé kí ni wọ́n fẹ́ kọ́. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí, irú ìwọ̀nyẹn. JAMB fúnra rẹ̀ ti sọ léraléra pé iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹ̀kọ́ olùkọ́ kì í rí ọmọ tó kún àyè wọn ní gbogbo Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀, ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn tàbí ẹran ọ̀sìn kò yàn án. Wọ́n sọ fún wọn pé ibi tí wọ́n yàn ti kún, kí wọ́n gba èyí tàbí kí wọ́n padà sílé. Ẹnu-ọ̀nà tó gbòòrò jù nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ni àwọn tó wà lókèèrè mọ FUNAAB sí? Ní 2014, nígbà tí Báńkì Àgbáyé ń yan àwọn ibùdó ìmọ̀ tí yóò ràn lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà, ibùdó tó ń rí sí ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àyíká ni wọ́n mú ní FUNAAB. Adìẹ tí wọ́n ń pè ní FUNAAB Alpha, tí wọ́n mú jáde láti ara adìẹ ìbílẹ̀ wa kó lè tóbi sí i kó sì máa yé ẹyin púpọ̀ sí i, ti di ohun tí àwọn olùwádìí ń dárúkọ káàkiri. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀ máa ń lo odidi ọdún kẹrin rẹ̀ lórí oko, ọwọ́ rẹ̀ nínú ilẹ̀. Mo mọ yunifásítì tí ọmọ ti lè gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ àgbẹ̀ láìmọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú.

Ṣé ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Nínú yunifásítì kan ṣoṣo, ibi tí ẹnu-ọ̀nà ti gbòòrò jù ni orúkọ ti tóbi jù. Ẹni tó bá fi híhá ẹnu-ọ̀nà díwọ̀n ìyì á ka FUNAAB láti òkè dé ìsàlẹ̀, á sì fi ohun tí FUNAAB mọ̀ ọ́n ṣe jù sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Èyí kì í ṣe àṣìṣe orí ìwé lásán. Ọmọ ni ó ń jìyà rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni dìgírì iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọmọ tí àdúgbò ti sọ fún ní oṣù àkọ́kọ́ pé “ìyẹn ni wọ́n rí fún ẹ?”, tí ìyá rẹ̀ ń yí ọ̀rọ̀ padà bí wọ́n bá béèrè kọ́ọ̀sì rẹ̀, báwo ló ṣe máa fi ọkàn sí i? Ẹni tí wọ́n sọ fún pé àjẹkù ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀ kì í jẹ ẹ́ dénú. Olùkọ́ á wá dúró níwájú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n gbà pé wọ́n ti pàdánù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ìkọ́ni ní Ìjagun. Àwọn ni yóò sì kọ́ ọmọ-ọmọ wa.

Àwọn tó ń to yunifásítì lẹ́sẹẹsẹ lágbàáyé

Ẹlòmíràn á ní, “Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ẹnu-ọ̀nà sílẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń to yunifásítì lẹ́sẹẹsẹ ńkọ́?” Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Times Higher Education fi Covenant sí àárín ipò 401 sí 500 lágbàáyé, ó sì fi Ìbàdàn, tó ti wà láti 1948, sí àárín 501 sí 600. Ariwo ta. Àwọn kan ní irọ́ ni. Àwọn kan ní ó tán, Ìbàdàn ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe ìṣirò náà nígbà yẹn. Nínú 100, ìkọ́ni gba 30, ìwádìí gba 30, iye ìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn tọ́ka sí iṣẹ́ wọn gba 30, àjọṣe pẹ̀lú òkèèrè gba 7.5, owó tó ń wọlé láti ilé-iṣẹ́ gba 2.5. Bí ó ṣe ṣòro tó láti wọlé kò sí níbẹ̀ rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá tọ́ka sí ipò Covenant láti fi gbèjà ẹnu-ọ̀nà tó há, tàbí tó tọ́ka sí ẹnu-ọ̀nà tó há láti fi bẹnu àtẹ́ lu ipò náà, ohun méjì tí kò mọ ara wọn ló ń so pọ̀. Àwọn olùkọ́ Covenant kọ ìwé ìwádìí, àwọn ẹlòmíràn sì tọ́ka sí i. Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Ó yẹ ká yìn wọ́n fún ohun tí wọ́n ṣe, kì í ṣe fún ohun tí ẹnì kankan kò wọ̀n.

Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ méjì láti bá àwọn atolẹ́sẹẹsẹ náà sọ. Àkọ́kọ́, nínú 30 ìkọ́ni yẹn, 15 jẹ́ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri sọ nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé yunifásítì wo ló mọ̀ ọ́n kọ́ni. Nínú 30 ìwádìí, 18 jẹ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. 33 nínú 100 ni ìyẹn. A béèrè lọ́wọ́ ayé pé ta ló lórúkọ, a kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, a wá fi han ayé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ẹni yẹn lórúkọ. Yunifásítì kan ní Ìgbẹsà tàbí Abẹ́òkúta lè máa kọ́ ọmọ bí ẹni tó ń tọ́ ẹyin. Bí ọ̀mọ̀wé ìlú òkèèrè kò bá gbọ́ nípa rẹ̀ rí, òdo ni. Èkejì, ìṣúra ìwé ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní Scopus ni wọ́n ti ń ka ìtọ́kasí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ogún ọdún ṣe ìwádìí lórí ẹ̀ka-èdè Ẹ̀gbá tàbí Yewa, tó sì kọ ọ́ ní Yorùbá kí àwọn tó ni èdè lè kà á, iṣẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lè ran yunifásítì rẹ̀ lọ́wọ́ nínú irú ìṣirò yẹn.

Kò tán síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn yunifásítì ti ń fi iye ọmọ tí wọ́n lé padà yangàn, ìwé ìròyìn U.S. News yọ iye yẹn kúrò nínú ìṣirò rẹ̀ ní 2018. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ló ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá ti yege girama àgbà, yàtọ̀ sí ìṣègùn àti irú rẹ̀. Inú ilé ni wọ́n ti ń jọ̀ ọ́: ìdánwò ọdún kìíní á fi ẹni tó mọ̀ hàn. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé wọn ò mọ̀wé ní Jámánì.

Ohun tí ẹnu-ọ̀nà lè ṣe

N kò fẹ́ kí ẹnì kan sọ pé mo ní kí wọ́n ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ tó mọ̀wé máa ń ta ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jí. Kíláàsì tí gbogbo wọn ti múra wá rọrùn kọ́. Ọmọ tí kò mọ ìṣirò rárá, tí wọ́n gbà sí ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ìbógun, ìkà ni wọ́n ṣe fún un. Ó yẹ kí ìpìlẹ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ta ni ìyìn máàkì gíga tọ́ sí? Ọmọ tó gba 310, ilé rẹ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ ló ṣe é. Yunifásítì tó gbà á kò tíì ṣe nǹkan kan. Bí ó bá wọlé pẹ̀lú 310, tó sì jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́rin láìlè kọ lẹ́tà tó já gaara, ogún ló ná tán. Bí òmíràn bá wọlé pẹ̀lú 185, tó sì jáde tó lè ronú, tó lè kọ̀wé, tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nǹkan, yunifásítì yẹn ló ṣiṣẹ́. Àárín ìwọlé àti ìjáde la gbọ́dọ̀ wọ̀n.

Ẹ̀yin tí mo kọ́, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Mélòó nínú yín ló kọ “Linguistics” sínú fọ́ọ̀mù? Ìmọ̀ òfin ni ẹ fẹ́, tàbí iṣẹ́ ìròyìn. Wọ́n lé yín wá sọ́dọ̀ wa, ẹ sì jókòó síwájú mi lọ́dún kìíní bí ẹni tí wọ́n gbà ní bàtà. Àwọn kan nínú yín lónìí ń kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe máa sọ èdè wa, àwọn kan ń túmọ̀ ní kóòtù, àwọn kan ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹnu-ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé gbòòrò gan-an ni. Mo rántí pé kò sí ẹni tó gba ẹnu-ọ̀nà náà jáde láìlágùn.

Ohun tó yẹ ká béèrè

Ẹ̀yin òbí tó ń múra fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ẹ fi “cut-off” sílẹ̀ ná. Ẹ béèrè bóyá NUC ti fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà ní kíkún. Kọ́ọ̀sì ni mo sọ, kì í ṣe yunifásítì. Ẹ béèrè iye olùkọ́ tó wà nínú ẹ̀ka náà, àti iye àwọn tó ń gbé ìlú mìíràn tí wọ́n ń yọjú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ọmọ máa ń rí ìwé ìdánwò rẹ̀ gbà padà kó lè mọ ibi tó ti kùnà. Ẹ béèrè iye wákàtí tó ń lò nínú yàrá ìwádìí tàbí lóko. Ẹ béèrè oṣù tí ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá parí, kì í ṣe oṣù tí wọ́n ní yóò parí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni mẹ́ta tó jáde níbẹ̀ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe, kí sì ni wọ́n kọ́ níbẹ̀ tí wọ́n ń lò.

Kí ẹ sì ṣírò ọdún tí ẹnu-ọ̀nà ń gbà lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ tó ti jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta nítorí yunifásítì kan ṣoṣo ti san owó ńlá tí kò sí nínú ìwé owó kankan. Bí ẹ̀ka tó dára bá wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Ìjagun tàbí ní Òkè-Ògùn, tí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ gbòòrò, ẹ jẹ́ kó wọlé, kó lọ jókòó tì í.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ilé, ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ ń lọ, kí ẹ dúró lẹ́yìn fèrèsé kíláàsì kan fún wákàtí kan, kí ẹ gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ àti ohun tí àwọn ọmọ ń bi í.